Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Délẹ̀ Láàyè Ni Kí Wọ́n Máa Kà

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹran náà kì í fò kọjá ọgbà, kì í sì í fi ìwo kàn án bí àgbò. Imú ni ó máa ń tì bọ ìdí igi, tí yóò máa túlẹ̀ níbẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣe àdàkọ ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé. Ọjọ́ tí imú wọgbà ni aráyé ń pariwo. Àwọn tí ń túlẹ̀ nídìí igi, tí ń po omi tí ọlẹ̀ yóò gbé inú rẹ̀, tí ń ṣọ́ ooru àti atẹ́gùn rẹ̀ tọ̀sán tòru, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni ọ̀ràn náà wà. Ọwọ́ wọn náà sì ni àléébù kan wà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí àdàkọ ẹranko jẹ́. Nínú ìbí tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àtọ̀ akọ ni í pàdé ẹyin abo kí oyún tó dúró. Nínú ti àdàkọ, kò sí àtọ̀ níbẹ̀ rárá. Wọn a mú ẹyin abo ẹlẹ́dẹ̀ kan, wọn a fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fa kókó inú rẹ̀ jáde, níbi tí àjogúnbá rẹ̀ wà. Wọn a wá fi sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n mú lára ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn, bóyá láti ara awọ etí rẹ̀, dípò ohun tí wọ́n fà jáde. Wọn a fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á, kí àwọn méjèèjì lè so pọ̀, kí ẹyin náà sì lè jí bí ẹni pé àtọ̀ ló kàn án. Bí ó bá yọrí sí rere, ọmọ tí wọn yóò bí yóò jọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ni awọ náà bí ìbejì ti í jọra.

Àgùntàn ni ẹran ọlọ́mú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí bí láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹran tó ti dàgbà. Dolly ni wọ́n sọ ọ́, ní ilé ìwádìí Roslin ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ní oṣù keje ọdún 1996. Ẹyin 277 ni wọ́n so pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kí Dolly kan ṣoṣo tó délẹ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2000 ni ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ àdàkọ àkọ́kọ́ dé ayé, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìlú Blacksburg ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ PPL Therapeutics. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn òyìnbó wọ̀nyí náà sì wolé dáadáa. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Millie nítorí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé dé. Wọ́n sọ èkejì ní Christa, ní ìrántí Christiaan Barnard, dókítà ilẹ̀ South Africa tó kọ́kọ́ gbé ọkàn ènìyàn kan sí àyà ẹlòmíràn ní 1967. Wọ́n sọ méjì mìíràn ní Alexis àti Carrel, ní ìrántí Alexis Carrel tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912 nítorí ọgbọ́n rírán iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ìkarùn-ún ni Dotcom. Ìgbà náà ni òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń pa aráyé bí ọtí. Bí a bá yọ ti Dotcom àti Millie kúrò, orúkọ àwọn ọmọ náà ti sọ irú ilé tí wọ́n bí wọn sí: ilé àwọn tí ń wá ẹ̀yà ara tí wọn yóò fi dípò ti ènìyàn tó ti bàjẹ́.

Ìdí tí ẹlẹ́dẹ̀ fi le ju àgùntàn lọ kò fara sin. Àgùntàn lè gbé ọlẹ̀ kan ṣoṣo títí yóò fi bí i. Abo ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọlẹ̀ inú rẹ̀ kò bá tó bíi mẹ́rin ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlá, ara rẹ̀ a gbà pé òun kò lóyún, gbogbo rẹ̀ a sì bàjẹ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kì í fi ọlẹ̀ kan tàbí méjì dán an wò. Ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń kó sínú abo kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi abẹ la ikùn rẹ̀. Wọn a wá máa ka ọjọ́ títí dé 114. Nínú ọlẹ̀ 100 tí wọ́n kó wọlé, orí ire ni bí ọmọ 5 bá délẹ̀. 1 tàbí 2 ni ti ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí, òmíràn kò sì ní rí nǹkan kan. Nínú àwọn tó sì jáde, a máa ń rí èyí tó ti kú sínú, èyí tí ahọ́n rẹ̀ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, àti èyí tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò tí kò lè dìde mu ọmú.

Níbo ni àwọn yòókù ṣègbé sí? Apá kan ẹ̀bi náà wà lára sẹ́ẹ̀lì awọ tí wọ́n ní kí ó di ọlẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìṣègbé náà, inú àwo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyin tí wọ́n ń lò, odò ẹran ni wọ́n sábà máa ń ti rí i. Wọn a ṣa ibùdó ẹyin àwọn abo tí wọ́n ti pa, wọn a kó o sínú omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, wọn a sì sáré gbé e wálé. Ẹyin náà kò tíì gbó. Ó ní láti lo nǹkan bíi wákàtí 42 sí 44 nínú àwo kí wọ́n tó lè fi ṣe iṣẹ́. Lẹ́yìn àdàkọ, wọn a fi ọlẹ̀ sínú ẹ̀kán omi ìtọ́jú bíńtín, wọn a da òróró bò ó kí omi náà má baà gbẹ. Wọn a gbé gbogbo rẹ̀ sínú àpótí amóoru tí ìgbóná inú rẹ̀ jẹ́ 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí pé ara ẹlẹ́dẹ̀ gbóná ju ti ènìyàn lọ. Gáàsì kábọ́ọ̀nù díóksáìdì inú àpótí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú 100, kí omi ìtọ́jú má baà kan, kí ó má sì dà bí omi eérú. Ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje ni ọlẹ̀ lè lò níbẹ̀, títí yóò fi di bọ́ọ̀lù kékeré tí omi kún inú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní blastocyst. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣí ilẹ̀kùn àpótí láti yọjú wo ọlẹ̀ tirẹ̀, ó ti tú ooru àti gáàsì dànù fún ọlẹ̀ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òróró tí kò dára lè pa odindi àwo kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fura sí i títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò fi kọjá. Ìyá àgbà tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkókó sílẹ̀ gbayawu ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ìbá mọ iṣẹ́ yìí ṣe ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń wá lójú ewé àṣà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé yàrá ìwádìí náà ní àṣà tirẹ̀. Bí ọ̀gá ti ń po omi ni ọmọ iṣẹ́ ṣe ń po ó. Bí ẹ bá bèèrè ìdí, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí àwọn tó dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, atẹ́gùn tí ọ́síjìn inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n fi ń sin ọlẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ló wà níta fún gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò bi ọ̀nà ẹyin abo ẹlẹ́dẹ̀ léèrè, níbi tí ọ́síjìn kò tó ìdajì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bèèrè tán, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí dín in kù sí 5. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èròjà tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, tí wọ́n ń fi sínú omi ìtọ́jú. Ìgò tòní lè gbe ọlẹ̀, kí ìgò tọ̀la tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà má gbè é. Síbẹ̀ wọn kò ṣíwọ́ lílò rẹ̀, torí pé ọwọ́ ti mọ́ ọn.

Ìtàn omi ìtọ́jú yìí ló fi hàn jù lọ bí ìlọsíwájú ti ń wá. Ní àtijọ́, ọlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá fi sínú àwo kì í sábà kọjá sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Ibẹ̀ gan-an ni jíìnì ti ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń jí, tí kò ní gbára lé ohun tí ìyá dì sínú ẹyin mọ́. Ọlẹ̀ tí omi kò bá sì bá lára mu yóò dúró sójú kan níbẹ̀, yóò kú. Ní 1993, Petters àti Wells ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina kọ̀wé nípa omi tí wọ́n ń pè ní NCSU-23, tó ní taurine àti hypotaurine nínú, tí ọlẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá ìdènà náà. Omi yìí tàn káàkiri, ó sì di àṣà.

Ní 2002 ni Yoshioka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan gbé nǹkan mìíràn yọ. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgò. Ìyá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Wọ́n wo ohun tó wà nínú omi ọ̀nà ẹyin abo ẹlẹ́dẹ̀ àti ìwọ̀n tó wà níbẹ̀, wọ́n sì po omi tiwọn tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ ṣúgà glucose tí gbogbo ènìyàn kà sí oúnjẹ gidi kúrò, wọ́n fi lactate àti pyruvate dípò rẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni ọlẹ̀ kékeré mọ̀ ọ́n jẹ. Wọ́n po irú kan tí kò ní èròjà ẹ̀jẹ̀ màlúù nínú rárá, tí gbogbo ohun inú rẹ̀ ṣe é kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sì dúró lórí pé ọlẹ̀ dára lójú. Wọ́n kó o sínú abo, wọ́n dúró, abo sì bímọ. Ọlẹ̀ tí àtọ̀ kàn ni wọ́n lò, kì í ṣe ti àdàkọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn onídàákọ fi gba omi wọn, PZM-3, tí ó sì di èyí tí wọ́n ń lò jù lọ.

Ní yunifásítì Missouri, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Randall Prather ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gba ọ̀nà kan tó jọ ọ́. Wọ́n mú ọlẹ̀ tó dàgbà nínú ìyá àti èyí tó dàgbà nínú àwo, wọ́n ṣe àyẹ̀wò jíìnì tí ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n rí i pé ọlẹ̀ inú àwo ti ṣí ilẹ̀kùn tí arginine ń gbà wọlé sílẹ̀ ju ti inú ìyá lọ fíìfíì, bí ọmọ tí ebi ń pa tí ń na ọwọ́ síta. Nígbà tí wọ́n fi arginine kún omi náà, ọlẹ̀ ń dàgbà dáadáa sí i. Ní 2017 wọ́n tún ròyìn pé bí wọ́n bá fi èròjà ìdàgbàsókè mẹ́ta, FGF2, LIF àti IGF1, sínú omi tí ẹyin ti ń gbó kí àdàkọ tó bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ń mú jáde di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ni wọ́n kà.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ló ń jáde lọ́dọọdún tó ń sọ pé èròjà báyìí-báyìí mú ìtọ́jú ọlẹ̀ àdàkọ sunwọ̀n sí i. Melatonin ń bẹ níbẹ̀, fítámì C ń bẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn bíi Scriptaid, tí ń tú ìdì àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì awọ kí ó lè gbàgbé pé awọ ni òun í ṣe. Díẹ̀ nínú wọn, irú bíi Scriptaid lọ́wọ́ àwọn ará Missouri, ti dé orí ọmọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà parí sínú àwo: ọlẹ̀ mélòó ló di blastocyst, sẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tán. Wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a gba oyè. Ẹyin púpọ̀ nínú agbọ̀n kọ́ ni adìyẹ púpọ̀ nínú àgbàlá. Blastocyst tó rẹwà lábẹ́ awò lè jẹ́ èyí tí sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ọmọ kò tó nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé kìkì èyí tí yóò di ibi ọmọ ló kún un.

Àwọn onímọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sọnù. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ abẹ wọ́n, oúnjẹ ọjọ́ 114 wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọdún mẹ́ta láti gba oyè ọ̀mọ̀wé kò lè fi èròjà ogún dán abo ogún wò. Òótọ́ ni. Ó tún yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú àwo, kí wọ́n má baà la ikùn ẹran lásán. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n máa pe ìdajì ọ̀nà ní òpin ìrìn, kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní ìlú mìíràn sì ra èròjà náà, kí ó lo ọdún méjì lórí rẹ̀, kí ó tó mọ̀ pé kò sí ọmọ kan tó ti ibẹ̀ jáde rí.

Àwọn mìíràn ti fi ọgbọ́n sá fún àwo. Ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń kó ọlẹ̀ sínú ọ̀nà ẹyin abo, kí ìyá máa bá ìtọ́jú lọ. Ó gbọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè sá. Ní Dẹ́ńmáàkì, Gábor Vajta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àdàkọ àfọwọ́ṣe kalẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bó èèpo ẹyin kúrò, tí wọ́n sì ń fi abẹ kékeré gé kókó rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ olówó ńlá. Wọ́n ròyìn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bí lọ́nà yìí ní 2007, ọgbọ́n náà sì dé Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tó ti di iṣẹ́ ńlá. Ọlẹ̀ tí kò ní èèpo kò ṣe é kó sínú ọ̀nà ẹyin, torí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè fọ́n ká. Inú àwo ni yóò wà títí di blastocyst kí ó tó wọ ilé ọmọ. Nítorí ìyẹn ni Vajta ṣe gbẹ́ àwọn kòtò tíntìntín sí ìsàlẹ̀ àwo, tí ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé inú tirẹ̀, tí omi tó yí i ká sì dà bí yàrá kékeré. Ohun kékeré gbáà ni, ó sì ju oògùn mìíràn lọ.

Kí ni gbogbo èyí wà fún? Ní Amẹ́ríkà nìkan, ènìyàn tó ju 100,000 lọ ló ń dúró de ẹ̀yà ara, kíndìnrín sì ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Ṣúgà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́dẹ̀ tí ara ènìyàn kò gbà rárá. Ní 2002 àwọn ará Missouri ròyìn ẹlẹ́dẹ̀ àdàkọ tí wọ́n ti ba ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjì jíìnì tí ń ṣe ṣúgà yìí jẹ́. Ní 2003 ìròyìn àwọn tí kò ní in mọ́ rárá jáde. Ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 2022, ní ìlú Baltimore, wọ́n gbé ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti tún jíìnì 10 ṣe nínú rẹ̀ sí àyà David Bennett, ẹni ọdún 57. Oṣù méjì ló lò sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n gbé kíndìnrín sí ọkùnrin mìíràn ní Boston. Òun náà lò tó nǹkan bí oṣù méjì. Àdàkọ ni wọ́n fi ṣe àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyí. Kí ẹran kan tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ọlẹ̀ mélòó ló ti kú sínú ẹ̀kán omi?

Àwọn àgbà kan yóò ní iṣẹ́ Elédùmarè ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀, àwọn mìíràn yóò ní ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn. Ẹjọ́ ńlá ni ìyẹn, kì í ṣe ti òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ àdàkọ àti ẹni tó kọ̀ ọ́ lè fohùn ṣọ̀kan lórí èyí: kí wọ́n má máa fi ẹran ṣòfò. Àwọn olóòtú ìwé ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kí wọ́n má gba orúkọ “ìtọ́jú tó sunwọ̀n sí i” fún iṣẹ́ tó dúró sínú àwo; kí wọ́n pè é ní ohun tó jẹ́, ìdánwò inú àwo. Kí àwọn tí ń fúnni lówó ìwádìí ya apá kan sọ́tọ̀ fún abo àti ọjọ́ 114, dípò kí wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ ra èròjà tuntun. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan tó dé orí ọmọ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọlẹ̀ mélòó ni wọ́n kó wọlé, sínú abo mélòó, mélòó ló lóyún, mélòó ni oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, mélòó ló bí, ọmọ mélòó ló sì dìde mu ọmú. Abo ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n la ikùn rẹ̀ tí kò bí ohunkóhun yẹ kí ó ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé náà.